Kí Agbẹ̀bí Tó Dé

"Yí i sókè sí i, Ayọ̀túndé. Àbí etí rẹ di ni?"

Ayọ̀túndé na ọwọ́ sí ẹ̀rọ orin tó wà lórí fíríìjì, ó yí i. Ohùn ẹgbẹ́ akọrin bú jáde, àfi bíi pé ìsọjí ń lọ lọ́wọ́ nínú pálọ̀. Nínú yàrá, lẹ́yìn aṣọ ìkélé, Bùsọ́lá ìyàwó rẹ̀ figbe ta, ṣùgbọ́n orin ti gbé igbe náà mì kó tó dé ojú fèrèsé. Àbíkẹ́ Ògúnlànà, ìyá Ayọ̀túndé, mi orí. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bó bá ṣe tirẹ̀ ni, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ nínú agbolé yìí, láti ẹnu géètì títí dé ìdí ẹ̀rọ omi, pé ọmọ ti ń mú ìyàwó ilé òun, àfi ìgbà tí wọ́n bá gbọ́ ẹkún ìkókó.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n kúkú pe Antí Fàtíyà," ni Ayọ̀túndé wí. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i lójúde. Ó ń gbálẹ̀."

"Kí o pe ta ni?"

"Kó kàn bá wa wò ó, Mọ́mì. Nọ́ọ̀sì ṣáà ni."

"Ayọ̀túndé, ìrọbí kì í ṣe àkàrà tí wọ́n ń polówó. Bí ojú bá ti pọ̀ jù nídìí rẹ̀, ọmọ kì í fẹ́ wá. Kò sí ẹni tó mọ̀ nígbà tí mò ń rọbí ìwọ. Bàbá rẹ gan-an, ìgbà tó ti ibi iṣẹ́ dé ló bá ọ lórí ibùsùn."

Ọkùnrin tó ti ní irùngbọ̀n ni Ayọ̀túndé, ó ní ìyàwó, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún fóònù ṣe, ṣùgbọ́n bí ìyá rẹ̀ bá ti sọ̀rọ̀, àfi kó máa wo àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Sátidé ìmọ́tótó ìparí oṣù ni. Ìjọba ti ní kí oníkálùkù gbá iwájú ilé rẹ̀, kí ọkọ̀ kankan má sì rìn títí aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Niger Street, ní Sábó nílẹ̀ Haúsá níbí, dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ti kó jáde. Kò sí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní adaidaita, kò sí fèrè ọkọ̀, kò sí ariwo ẹ̀rọ ìlọta. Ìró ìgbálẹ̀ nìkan ni èèyàn ń gbọ́, àti orin Àbíkẹ́.

Ó yẹ ká sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa Àbíkẹ́, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sinmi bí a kò bá sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pè é ní olóúnjẹ. Kétárà ni. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sí iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn awakọ̀ àti alábàárù ló ń jẹun níbẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ìdí ìkòkò kan náà tó ti ń bu ìrẹsì fún wọn ni yóò ti máa ròyìn àsè ìgbéyàwó ọmọ kọ́míṣánnà tó sè lọ́dún kan. Bàbá ọkọ rẹ̀ ṣe akọ̀wé ní Réluwéè láyé òyìnbó, Railway Quarters ló sì gbé. Ilé náà ti bọ́ lọ́wọ́ wọn tipẹ́, bàbá ti kú, ọkọ Àbíkẹ́ náà ti tẹ̀ lé e, síbẹ̀ "àwa ará Quarters" kò kúrò lẹ́nu rẹ̀, àfi bíi pé ọkọ̀ ojú irin ṣì ń dúró dè é kó tó fọn fèrè.

Irú ìdílé bẹ́ẹ̀, níbo ni wọ́n ti ń bímọ? Ó ti sọ fún gbogbo ayé pé ọ̀dọ̀ dókítà kan tó kàwé ní Rọ́ṣíà ni wọn yóò ti bí ọmọ-ọmọ òun, ní ọsibítù aládàáni kan lọ́hùn-ún, lápá ibi tí àwọn ọlọ́lá ń gbé. Ó sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó sọ ọ́ fún Màlámù tó ń ta àlùbọ́sà fún un, ìyẹn dáhùn pé "Madalla!", pé ó dára púpọ̀, ó sì fowó lé àlùbọ́sà lójú ẹsẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni kílíníìkì ìjọba kan wà ní òpópónà tó tẹ̀ lé tiwọn. Bí èèyàn bá gbé ìkòkò ọbẹ̀ gbígbóná kúrò ní ìdáná Àbíkẹ́, ọbẹ̀ náà kò ní tíì tutù tí yóò fi débẹ̀. Bùsọ́lá ti forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí oyún ṣì kéré. Ṣùgbọ́n arábìnrin ìjọ kan rí i lórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn obìnrin oníhíjáàbù, ó sì wá fi ẹ̀rín bò ó sọ fún Àbíkẹ́ pé, "Mo rí ìyàwó yín o, níbi tí wọ́n ti ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́." Ọ̀rọ̀ "lọ́fẹ̀ẹ́" yẹn wọ Àbíkẹ́ lára dé mùdùnmúdùn. Láti ọjọ́ náà, Bùsọ́lá kò gbọ́dọ̀ débẹ̀ mọ́.

Èyí tó tún wá burú jù ni pé ibẹ̀ ni Fàtíyà ti ń ṣiṣẹ́. Ará Ìlọrin ni Fàtíyà, yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn nínú agbolé, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Níbi ìsọmọlórúkọ kan, ó bu mọ́ínmọ́ín Àbíkẹ́ jẹ lójú gbogbo èèyàn, ó ní, "Ìyá Ayọ̀, ṣé jíjẹ lèyí ni àbí kí n fi fọ híjáàbù mi?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Àbíkẹ́ náà rẹ́rìn-ín. Kò sì tíì dárí jì í.

"Wayyo Allah! Wayyo Mama na!"

Àbíkẹ́ sáré ká aṣọ ìkélé. Bùsọ́lá ti di irin ibùsùn mú, òógùn bò ó lójú. Àdúgbò Brigade nínú ìlú yìí ni wọ́n bí i sí. Yorùbá yé e dáadáa, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá dùn mọ́ ọn tàbí bó bá dùn ún, Haúsá ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Bí o bá máa ké, ké ní èdè baba ẹ," ni Àbíkẹ́ wí, ṣùgbọ́n ó fi etí ìró rẹ̀ nu òógùn lójú rẹ̀. "Ta ló bí ọ sí Kàtsínà? Pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́, ìyàwó mi. Kò ní pẹ́ mọ́."

"Mà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ ká lọ sí kílíníìkì. Zan iya. Mo lè rìn ín débẹ̀."

"Kí o máa rìn láàárín ìgboro báyìí, kí gbogbo Niger Street dáwọ́ ìgbálẹ̀ dúró láti máa wò ọ́? Bí aago mẹ́wàá bá ti lù, a ó wọkọ̀, ó di ọ̀dọ̀ dókítà. Àbí o ti gbàgbé àdúrà tí Màmá Rosaline gbà lé ọ lórí?"

Bùsọ́lá kò gbàgbé. Ta ni yóò gbàgbé? Màmá Rosaline ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ, ó sì ní àdúrà kan tó fi ń yọ àwọn aboyún sọ́tọ̀. Yóò gbé ọwọ́ lé ikùn, yóò sì bú sí i pé, "O ò ní bí bí obìnrin Íjíbítì! Bí obìnrin Hébérù lo máa bí, tó máa ń bí kí agbẹ̀bí tó dé!" Ìjọ yóò sì dún "Àmín!" títí páànù òrùlé yóò fi gbọ̀n. Láti ìgbà náà ni Àbíkẹ́ ti ń kọ́ ẹ̀rí tó máa jẹ́ ní ọjọ́ ìdúpẹ́. Ó ti mọ ibi tí yóò ti dánu dúró, ó mọ ibi tí yóò ti sunkún díẹ̀, ó sì mọ gèlè tí yóò wé. Bí dókítà Rọ́ṣíà ṣe máa wọ inú ẹ̀rí tí agbẹ̀bí kò ti gbọ́dọ̀ tètè dé nìkan ni kò tíì rí ojútùú rẹ̀.

Nǹkan kan wà tí kò sí nínú ẹ̀rí náà. Omi tó já láfẹ̀mọ́júmọ́ kò mọ́. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí omi ewé tí wọ́n fi ọwọ́ gbo. Ọmọ mẹ́ta ni Àbíkẹ́ bí, kò rí irú rẹ̀ rí. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé nǹkan wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn Àbíkẹ́ jẹ́ ọkàn tó mọ̀wọ̀n ara rẹ̀, kì í bá ọ̀gá rẹ̀ jiyàn. Ó ká aṣọ tó tutù náà, ó tì í sábẹ́ ibùsùn.

Ẹnìkan kan fèrèsé pálọ̀ kó-kó-kó.

"Ìyá Ayọ̀! Ẹ kú ìmọ́tótó o! Ṣé ẹ ò ní jáde wá gbá iwájú yín ni, àbí ìsọjí lẹ fi ń gbálẹ̀ tiyín?"

Fàtíyà ni. Àbíkẹ́ fi ojú sọ fún Ayọ̀túndé pé kó má mira. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó sì lọ dúró sójú fèrèsé, ó fi gbogbo ara dí i.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. À ń yin Ọlọ́run ni."

"Ọlọ́run kì í ṣe adití, Ìyá Ayọ̀. Ẹ bá wa dín in kù." Fàtíyà ti wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, funfun báláú, ó wé híjáàbù kékeré tó bá a mu. "Ìyàwó wa dà? Mi ò rí i láti àná."

"Ó ń sùn."

"Nínú ariwo yìí?"

"Oorun aboyún. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n."

Fàtíyà ò lọ. Ó yọ ojú díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ èjìká Àbíkẹ́ wo inú ilé. Nínú yàrá, Bùsọ́lá ti orí bọ pílò, ìrora náà sì ń kọjá lára rẹ̀. Àwọn akọrin dé ibi tí gbogbo wọn ti ń pàtẹ́wọ́.

"Ó dáa," ni Fàtíyà wí. "Mo ń lọ síbi iṣẹ́. Bó bá jí, ẹ ní mo kí i. Ẹ sì ní kó yọjú sí wa, oṣù rẹ̀ ti pé."

"A ti ní dókítà tiwa."

"Mo ti gbọ́. Ta ni ò tíì gbọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Àbíkẹ́ dúró títí ó fi yọ jáde lẹ́nu géètì. Ó ṣe é bí ẹni tó borí nínú nǹkan kan.

Nígbà tí àkókò ìmọ́tótó parí, Ayọ̀túndé sáré jáde, ó mú adaidaita kan wá. Ẹni tó ń wà á jẹ́ bàbá onírùngbọ̀n funfun kan. Wọ́n da aṣọ bo Bùsọ́lá, wọ́n mú un gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn nìkan ni wọ́n ti ń retí kí aago mẹ́wàá lù. Gbogbo Sábó ló tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà: alábàárù, olómi, ọkọ̀ akẹ́rù, àwọn tó ń sáré lọ ṣí ìsọ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n dé oríta ọjà, ọkọ̀ fún mọ́ra wọn, kò síwájú, kò sẹ́yìn. Oòrùn ń jó wọn. Bùsọ́lá ń ké. Nígbà tó yá, kò ké mọ́.

Ìdákẹ́ yẹn ló kọ́kọ́ ba Àbíkẹ́ lẹ́rù.

"Bùsọ́? Bùsọ́lá! Sọ̀rọ̀. Sọ ọ́ ní Haúsá, bó bá wù ọ́. Sọ̀rọ̀ ṣáá!"

Bàbá awakọ̀ wẹ̀yìn. Ó rí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀ kẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Hajiya," ó wí, "ga asibiti nan, kusa," pé ọsibítù wà nítòsí. Kò dúró gba èsì. Ó gun pèpéle ẹ̀gbẹ́ títì, ó yí orí kẹ̀kẹ́ padà, ó ń kígbe lé àwọn èèyàn kúrò lọ́nà, ó sì gbé wọn lọ sí kílíníìkì tó wà ní òpópónà tó tẹ̀ lé tiwọn.

Fàtíyà ló jáde sí wọn. Kò kí ẹnikẹ́ni. Òun àti obìnrin Haúsá kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé Bùsọ́lá wọlé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Lórí bẹ́ǹṣì, àwọn obìnrin sún, wọ́n fún Àbíkẹ́ láyè. "Sannu, Mama," ni wọ́n ń wí fún un. "Sannu." Òun tí kò fẹ́ kí wọ́n rí ìyàwó òun lórí bẹ́ǹṣì yìí jókòó sórí rẹ̀, bàtà rẹ̀ ti bọ́ lẹ́sẹ̀ kan, kò sì mọ̀.

Ọkùnrin ni ọmọ náà. Ó sanra. Etí Ayọ̀túndé ló gbé wá sáyé. Ìwọ́ ti lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn, kò ké, bẹ́ẹ̀ ni kò mí. Fàtíyà fún afẹ́fẹ́ sí i nímú, ó tẹ̀ ẹ́ láyà, ó rà á lẹ́yìn, ó tún fún afẹ́fẹ́ sí i. Ó ṣe é títí obìnrin kejì fi di ọwọ́ rẹ̀ mú, tó ní, "Ya isa, Fatiya. Ó tó."

Nígbà tí Fàtíyà jáde, aṣọ funfun náà kò funfun mọ́.

"Ìyá rẹ̀ á yè," ó wí. "Insha Allah, ìyá rẹ̀ á yè. A ti dá ẹ̀jẹ̀ dúró."

Ayọ̀túndé kúnlẹ̀ síbi tó dúró sí. Àbíkẹ́ ń wo ẹnu Fàtíyà, bóyá yóò fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un.

"Ìgbà wo ni omi já?"

"Láfẹ̀mọ́júmọ́."

"Àwọ̀ wo ló ní?"

Àbíkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ká etí ìró rẹ̀. Fàtíyà náà kò tún un bi. Ó ní ẹnu tó mú bí abẹ, gbogbo agbolé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ní ọ̀rọ̀ tó lè fi pa ènìyàn lọ́jọ́ náà. Ó kàn sọ jẹ́jẹ́ pé:

"Ìyá Ayọ̀, ojú fèrèsé yín ni mo dúró sí."

Ó padà wọlé.

Ayọ̀túndé àti àwọn ọkùnrin ìjọ lọ sin ọmọ náà. Wọn kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ mọ ibẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Wọ́n gbé Bùsọ́lá padà sílé, ó sùn sẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó kọjú sí ògiri. Kò bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò bá ìyá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Omi ọyàn rẹ̀ sun, ó ń rin aṣọ rẹ̀, kò sì sí ẹnu tí yóò mu ún. Àbíkẹ́ ń gbé omi gbígbóná wọlé, ó ń gbé àwo oúnjẹ tí wọn kò fọwọ́ kàn jáde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, àwọn obìnrin ìjọ wá kí wọn. Wọ́n kún pálọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wọlé, ó ń mi orí, ó ń sọ gbólóhùn kan náà: "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." "Agbè ò fọ́, Màmá Ayọ̀. Ẹ ó tún pọn òmíràn." Àbíkẹ́ ń dáhùn pé ẹ ṣeun. Kò sẹ́ni tó béèrè pé ta ló da omi náà nù.

Màmá Rosaline ló gba àga tó dára jù. Ó ti gbàdúrà tán, ó nu ojú rẹ̀, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wí nǹkan ìkọ̀kọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ ọ.

"Ṣebí mo ti ń wí. Kílíníìkì yẹn! Wọ́n ti pa ọmọ náà fún wa. Bó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ dókítà yín lẹ dé ni, ṣé irú èyí á ṣẹlẹ̀?"

"Kò lè ṣẹlẹ̀," ni ẹnìkan wí.

"Ẹ tiẹ̀ wo obìnrin inú agbolé yín yìí. Ṣé mo ṣì gbọ́ ni, pé ẹ̀yin méjèèjì ò rẹ́? Òun kọ́ ló gbẹ̀bí náà? Ọwọ́ ayé kì í hàn, ẹ̀yin arábìnrin. Màá bá Pásítọ̀ sọ ọ́. Ó gbọ́dọ̀ wáàsù lé e lórí lọ́jọ́ Àìkú. Kò sí obìnrin ìjọ wa tó tún gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kan ibẹ̀."

Àbíkẹ́ gbọ́ ọ, kí á má purọ́, ó sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Láti Sátidé ló ti ń ru nǹkan kan kiri tí kò rí ibi sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Màmá Rosaline ti wá tẹ́ ẹní fún un: ẹ̀yìn Fàtíyà rèé, gbé e lé e. Kò tilẹ̀ ní láti parọ́. Bó bá ti kẹ́dùn lásán, tó ní "Ọlọ́run rí wa", wọn yóò parí ìyókù fún un. Bó bá di ọjọ́ Àìkú, òun yóò di ẹni tí ayé ṣe níbi, wọn yóò sì máa dìde fún un.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, Mọ́yọ̀ọ̀lá, tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá láti Ẹdẹ. Ó di ikùn rẹ̀ mú. Ikùn náà ti yọ.

"Màmá Rosaline," ó wí, "ibẹ̀ ni èmi fẹ́ lọ forúkọ sílẹ̀ o. Ibẹ̀ ló sún mọ́ wa."

"Má dán an wò! Kí lo ń wá lọ síbẹ̀? Bí obìnrin Hébérù ni ìwọ máa bí, kí agbẹ̀bí tó dé!"

"Àmín!" ni gbogbo ilé dún.

Àmín Mọ́yọ̀ọ̀lá kéré. Àbíkẹ́ kò ṣe é rárá. Ó ń wo ọwọ́ ọmọbìnrin náà lórí ikùn.

"Agbẹ̀bí ti dé," ó wí.

"Kí lẹ wí, Màmá Ayọ̀?"

"Mo ní agbẹ̀bí ti dé. Kí ọmọ tó kú, agbẹ̀bí dé. Ojú fèrèsé yẹn ló dúró sí, ó béèrè ìyàwó mi. Mo ní ó ń sùn."

Ẹnìkan wú ikọ́ tí kò ní.

"Ìbànújẹ́ ló ń bá yín sọ̀rọ̀," ni Màmá Rosaline wí.

"Rárá. Ẹ̀mí ti bọ́ lára ọmọ náà ká tó débẹ̀. Omi rẹ̀ ti ní àwọ̀ láti òwúrọ̀, mo rí i, mo fi pamọ́. Ìyàwó mi ní òun lè rìn débẹ̀. Mi ò gbà." Imú rẹ̀ ń ṣàn, kò sì nù ún. Gèlè rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi ti ọ̀mùtí. "Ẹ má fi sí Fàtíyà lọ́rùn. Òun ló jẹ́ kí èyí tó wà nínú yàrá ṣì wà."

Màmá Rosaline gbé báàgì rẹ̀. Ó ní wọn yóò máa rántí wọn nínú àdúrà, bí wọ́n ṣe ń wí i fún ẹni tó ti padà sẹ́yìn nínú ìgbàgbọ́. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Àbíkẹ́ mọ̀ pé kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà yóò ti dé ẹgbẹ́ akọrin, yóò sì ti wú sí i lọ́nà.

Mọ́yọ̀ọ̀lá nìkan ló ṣẹ́kù. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń yí òrùka ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Ọjọ́ wo ni wọ́n máa ń rí àwọn aboyún níbẹ̀?"

Àbíkẹ́ mọ orúkọ ìlú tí dókítà ti kàwé ní Rọ́ṣíà. Ó mọ àwọ̀ àga tó wà ní gbọ̀ngàn ọsibítù rẹ̀. Èyí tó wà lẹ́yìn ilé òun, kò mọ̀ ọ́n. Kò béèrè rí.

Ibùsùn dún nínú yàrá.

"Talata," ni Bùsọ́lá wí.

Ohùn rẹ̀ gbẹ. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn láti Sátidé. Àbíkẹ́ kọjú sí aṣọ ìkélé, ó ń retí bóyá òmíràn yóò tẹ̀ lé e, ì báà jẹ́ èébú. Kò sí. Ó yíjú padà sí Mọ́yọ̀ọ̀lá, tí ojú rẹ̀ fi hàn pé Haúsá kò tíì yé e.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun," ó wí. "Ó ní Ìṣẹ́gun ni. Ọ̀la nìyẹn. Màá bá ọ lọ."